Ẹ Má Jí Háríìsì Nítorí Kọ̀ǹpútà

Láti ìgbà tí a ti sọ̀rọ̀ nípa káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì lórí ètò yìí ni ìbéèrè kan ti ń tẹ̀ mí lọ́wọ́ lemọ́lemọ́: ṣé lóòótọ́ ni èèyàn lè jókòó sí ìlú kan, kó sì tan kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti pa sílẹ̀ ní ìlú mìíràn? Lóòótọ́ ni. Kì í ṣe idán, kì í sì í ṣe nǹkan tuntun. Ó ti lé ní ọdún 25 tí wọ́n ti ń kọ́ ọ mọ́ kọ̀ǹpútà tí a ń rà lọ́jà, ṣùgbọ́n àwọn tó yẹ kó lò ó kì í lò ó. Wọ́n á kúkú pe ẹlòmíì lórí fóònù láàárín òru pé, "Jọ̀ọ́, bá mi lọ tẹ bọ́tìnnì yẹn." Ìwà yẹn ni mo fẹ́ bá jà lónìí.

Jẹ́dà ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ sọ́fúwia. Mẹ́kà kò jìnnà sí wa, kò tó kìlómítà 100, ó sún mọ́ra ju Ìbàdàn sí Èkó lọ. Ọkọ̀ ojú irin ayára-bí-àṣá Haramain sì ti ń so ìlú méjèèjì pọ̀ láti 2018. Ṣùgbọ́n kí nǹkan súnmọ́ni yàtọ̀ sí kí èèyàn lè dé ibẹ̀. Ẹni tí kì í bá ṣe Mùsùlùmí kò lè wọ Mẹ́kà. Ibùdó àyẹ̀wò wà ní Shumaisi lójú ọ̀nà, ibẹ̀ ni wọ́n á ti dá a padà.

Ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ jẹ́ ọmọ Kerala ní ilẹ̀ Íńdíà, Kristẹni ni. Òun ló mọ sọ́fúwia ìpínyàrá tí ọ́fíìsì kan ní Mẹ́kà ń lò fún àwọn alálàájì ju gbogbo wa lọ. Òun ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àmọ́ kò tíì fojú rí kọ̀ǹpútà tó ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ rí, kò sì ní rí i. Tí kọ̀ǹpútà yẹn bá wà ní pípa, gbogbo ọgbọ́n orí rẹ̀, ó di ti ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ tí kò rí ilẹ̀kùn.

Ẹ lè sọ pé, "Ìwọ ńkọ́? Ṣebí Mùsùlùmí ni ẹ́, wọ mọ́tò kí o lọ tẹ̀ ẹ́." Mo lè ṣe bẹ́ẹ̀ nínú oṣù Muharram tàbí Safar, nígbà tí kò sẹ́ni tó nílò kọ̀ǹpútà náà. Tí Hájì bá ti ń súnmọ́lé, tí iṣẹ́ wá gbóná janjan, ìjọba á ti ẹnu ọ̀nà Mẹ́kà mọ́ àwa tí ìwé ìgbélùú wa kì í ṣe ti Mẹ́kà. Ní 2025, láti 23 April ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀: ẹni tí kò bá ní ìwé ìgbélùú Mẹ́kà, tàbí ìwé Hájì, tàbí ìwé àṣẹ iṣẹ́ ní àwọn ibi mímọ́, ó máa yí padà ni. Ẹ rò ó wò. Ìgbà tí kọ̀ǹpútà wúlò jù lọ gan-an ni ìgbà tí ẹlẹ́rọ kò lè dé ìdí ẹ̀.

Ta ló wá kù? Háríìsì ló kù.

Háríìsì ni wọ́n ń pe ẹni tó ń ṣọ́ ilé níbí, bíi mẹ́gáàdì tiwa. Yàrá kékeré kan nísàlẹ̀ ilé ló ń gbé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ àjèjì bíi tiwa: ẹ rí ọmọ Bangladesh, ẹ rí ọmọ Yemen, ẹ rí ọmọ Sudan. Láti àárọ̀ ló ti ń gbálẹ̀, tó ń ru ẹrù àlejò, tó ń dá àwọn tó ń kó omi wá lóhùn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn lélẹ̀ ni fóònù dún ní aago méjì òru: "Gòkè lọ sí àjà kẹta, kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tẹ bọ́tìnnì iwájú ẹ̀." Mẹ́ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó tẹ èyí tó ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ó pa á. Wọ́n tún pè é. Kò sẹ́ni tó kọ èyí mọ́ iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún, kò sì sẹ́ni tó ń san kọ́bọ̀ lé owó oṣù ẹ̀ nítorí ẹ̀. Èmi ò rò pé ó tọ́ ká jí ẹ̀dá Ọlọ́run lójú oorun kó lè lọ jí ẹ̀rọ tó ní etí tiẹ̀.

Ẹ̀rọ yẹn ní etí lóòótọ́. Àwọn àgbà ní ẹni tó sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ. Fún kọ̀ǹpútà, ẹ yí òwe náà po. Èyí tí ẹ yọ wáyà iná rẹ̀ kúrò lára ògiri ti sùn fọnfọn, kò sí ẹni tó lè jí i láti òkèèrè. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ kàn pa, tí wáyà iná ṣì wà lára rẹ̀, apirọrọ pọ́ńbélé ni. Fáànù ti dúró, ojú ti ṣókùnkùn, ẹ ò gbọ́ ohùn kankan. Síbẹ̀ iná táṣẹ́rẹ́ kan, fólítì 5, ṣì ń jáde látinú àpótí iná ẹ̀ lọ sára bọ́ọ̀dù, káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì ń fi ìyẹn la etí sílẹ̀. Gbogbo ara sùn, etí kò sùn. Apirọrọ yìí nìkan ni a lè jí.

Báwo la ṣe ń jí i? Ẹ̀yin tí ẹ gbé àdúgbò Mùsùlùmí ní Èkó tàbí Ìbàdàn rí, tàbí tí àwọn òbí yín ti sọ ọ́ fún yín, ẹ ó mọ wéré: àwọn ọ̀dọ́ tó máa ń lùlù, tí wọ́n máa ń kọrin káàkiri àdúgbò lóru Rámádánì kí àwọn èèyàn lè jí jẹ sààrì. Inú orin yẹn ni Síkírù Àyìndé Barrister ti jáde, tó fi sọ ọ́ di fújì. Àwọn Lárúbáwá náà ní tiwọn, musaharati ni wọ́n ń pè é, òun àti ìlù kékeré ọwọ́ ẹ̀. Musaharati àtijọ́ kì í kàn pariwo lásán, ó máa ń dárúkọ baálé ilé: lágbájá, dìde. Gbogbo òpópónà ló gbọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n dárúkọ ló mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí.

Bí Wake-on-LAN ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn gẹ́lẹ́. Ní 1995 ni ilé iṣẹ́ AMD, pẹ̀lú Hewlett-Packard, gbé ọgbọ́n náà jáde, wọ́n pe ìpè yẹn ní Magic Packet. Nígbà tó yá, IBM àti Intel gbé e lárugẹ lábẹ́ orúkọ Wake-on-LAN, orúkọ yẹn ló sì lẹ̀ mọ́ ọn.

Orúkọ wo là ń pè? Kọ̀ǹpútà ní oríṣi orúkọ méjì lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ọ̀kan ni nọ́ńbà IP, èyí tí ráútà sábà máa ń yá a lò fún ìgbà díẹ̀. Tí kọ̀ǹpútà bá ti sùn, tí ẹ bá béèrè pé ta ló ń jẹ́ nọ́ńbà yẹn, kò sẹ́ni tó máa jẹ́ yín lóhùn. Èkejì ni nọ́ńbà MAC, tí wọ́n ti kọ mọ́ káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Èmi máa ń pe ìyẹn ní orúkọ àmútọ̀runwá. Bíi Táíwò, bíi Àjàyí, bíi Ìgè: kó tó délé ayé ló ti ń jẹ́ ẹ. Bó ṣe máa ń rí lójú nìyí: 00-00-5E-00-53-01. Báìtì 6 ni.

Nínú Magic Packet, ohun tó kọ́kọ́ wà níbẹ̀ ni báìtì FF ní ìgbà 6. Ìlù nìyẹn, kí etí lè ṣí. Lẹ́yìn náà ni orúkọ àmútọ̀runwá kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, ní ìgbà 16 tẹ̀lé ara wọn. 6 lọ́nà 16 jẹ́ 96, ẹ fi 6 ti ìlù kún un, ó di báìtì 102. Ìkíni àárọ̀ tí ìyá yín fi ń ránṣẹ́ lórí WhatsApp gùn jù ú lọ. Nítorí kí káàdì má baà ṣèèṣì gbọ́ orúkọ rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí kò kàn án ni àtúnpè ṣe pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ nígbà 16 láìdúró mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dé.

Ohun méjì ló wà níbẹ̀ tí àwọn èèyàn kì í kíyè sí. Àkọ́kọ́, kọ̀ǹpútà kì í dáhùn pé "mo ti gbọ́". Ẹ ó pè é, ẹ ó dúró ìṣẹ́jú kan, ẹ ó wá lọ wò ó bóyá ó ti jí. Ìkejì ló ṣe pàtàkì jù: ìpè náà kì í sábà kọjá àdúgbò. Gbogbo ẹ̀rọ tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ni wọ́n ń ké pè lẹ́ẹ̀kan náà, ráútà kì í sì í jẹ́ kí irú ìpè-gbogbo-ilé bẹ́ẹ̀ ti ìta wọlé. Láti 1999 ni ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì ti sọ pé kí ráútà máa ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, àyàfi tí olówó ẹ̀ bá dìídì ṣí i. Oníwéré Mushin kò lè dúró ní Mushin kó jí ará Àgége.

Tí mo bá wà ní Jẹ́dà, tí mo fẹ́ jí kọ̀ǹpútà ní Mẹ́kà, àfi kí n ní oníwéré kan níbẹ̀. Ó lè jẹ́ ráútà fúnra rẹ̀, nítorí ráútà kì í sùn. Àwọn ráútà bíi MikroTik ní irinṣẹ́ ìjíni yìí nínú. Ó sì lè jẹ́ kọ̀ǹpútà kékeré kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Èmi á gba VPN wọlé bá oníwéré yẹn, màá ní kó pe lágbájá, òun á sì lùlù nínú ilé lọ́hùn-ún. Ọmọ Kerala tí mo sọ̀rọ̀ ẹ̀ lè ṣe gbogbo èyí láti orí àga ẹ̀ ní Jẹ́dà, kò gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní Shumaisi.

Àwọn kan máa ń kọ sí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kí ẹ kàn ṣí ojúhò 9 lórí ráútà yín, kí ìpè máa ti ìta wọlé tààrà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ìpè yìí kò ní páswọ́ọ̀dù. Irú kan wà tó ní, SecureOn lorúkọ ẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba káàdì ló mọ̀ ọ́n, gbangba ni páswọ́ọ̀dù náà sì ń rìn, ẹni tó bá wà lójú ọ̀nà á kà á. Ẹnikẹ́ni tó bá ti mọ orúkọ àmútọ̀runwá kọ̀ǹpútà yín lè máa jí i tọ̀sán tòru.

Mi ò sọ èyí láti dẹ́rù bà yín. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2020, àwọn tó ń tọpa Ryuk rí nǹkan kan. Ryuk jẹ́ sọ́fúwia àwọn ọ̀daràn tó máa ń ti fáìlì onífáìlì pa, tí wọ́n á wá béèrè owó ìtúsílẹ̀. Tí Ryuk bá ti wọ kọ̀ǹpútà kan nínú ọ́fíìsì, á wo àkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà yẹn ti bá sọ̀rọ̀ rí, á fi Magic Packet jí àwọn tó sùn nínú wọn, á sì ti fáìlì tiwọn náà pa. Àwọn tó fi sùn rò pé àwọn ti bọ́. Ẹni tó bá ń lo Wake-on-LAN gbọ́dọ̀ mọ èyí: olè tó ti wọlé lè lùlù bíi tiyín. Mi ò sọ pé nítorí èyí kí ẹ pa etí kọ̀ǹpútà. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí kọ̀ǹpútà àlejò, fóònù àlejò àti Wi-Fi àlejò má wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà pẹ̀lú àwọn kọ̀ǹpútà iṣẹ́. Ní ọ́fíìsì tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ń wọ̀, tó ń jáde láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìyẹn ṣe pàtàkì ju ohunkóhun lọ.

Àwọn tó ń bá mi jiyàn á sọ pé, "Kí ló dé tí o ò kàn fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ní títàn?" Mo gbà pé ní ibí yìí, owó iná kò lè dá yín lẹ́kun. Láti 2018, yúnìtì iná kan fún ilé gbígbé jẹ́ hàlálà 18 títí dé yúnìtì 6,000 lóṣù. Kọ̀ǹpútà tó ń jẹ wáàtì 50 láìṣe nǹkan kan máa jẹ yúnìtì 36 lóṣù, ríyàlì 6 àti díẹ̀. Ounjẹ ọ̀sán lásán nìyẹn. Ẹ gbé ìṣirò kan náà lọ sí Nàìjíríà, lọ́dọ̀ àwọn tó wà lórí Band A, tí ìjọba sọ yúnìtì wọn di náírà 225 ní April 2024: ní iye owó ìgbà náà, náírà 8,100 ni lóṣù, lórí kọ̀ǹpútà tí kò sẹ́ni tó jókòó sídìí ẹ̀. Kò sí bàbá kankan tó máa gbà fún yín.

Ṣùgbọ́n ká fi owó sílẹ̀. Gbogbo wáàtì tí kọ̀ǹpútà bá jẹ, ooru ló ń dà. Mẹ́kà gbóná, ẹ̀rọ amúlétutù ló wá máa ṣe iṣẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì láti lé ooru yẹn jáde. Ìdí tó ká mi lára jù tún wà. Ní 15 August 2012, ní àwọn ọjọ́ ìkẹyìn Rámádánì, tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ti wà nílé, sọ́fúwia apanirun kan tí wọ́n ń pè ní Shamoon nu nǹkan bí 30,000 kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ Aramco ní ilẹ̀ Sáúdì yìí. Àwọn tó ṣe é mọ ọjọ́ tí wọ́n yàn: kọ̀ǹpútà wà ní títàn, èèyàn kò sí níbẹ̀. Sọ́fúwia kò lè ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tí kò tàn. Tí ọ́fíìsì bá máa dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn Hájì, kí ló ń ṣe ní títàn?

Àwọn mìíràn á ní gbogbo nǹkan ti wà ní cloud báyìí. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń tẹ káàdì ọrùn àwọn alálàájì kò sí ní cloud. Ẹ rántí 2020 náà. Ní 2 April ni wọ́n kéde kónílé-ó-gbélé wákàtí 24 ní Mẹ́kà, nígbà tó di 6 April ó kan Jẹ́dà. Ẹni tí fáìlì iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti pa lọ́fíìsì, kò sí mọ́tò tó lè gbé e débẹ̀. Ẹni tó ti ṣètò oníwéré ẹ̀ sílẹ̀ kó tó dìgbà yẹn, ilé ló jókòó sí tó fi jí i.

Ẹ̀yin tó fẹ́ gbìyànjú ẹ̀, àwọn ìdènà kéékèèké kan wà. Wáyà ni kí ẹ fi so kọ̀ǹpútà mọ́ ráútà. Ti Wi-Fi máa ń ṣiṣẹ́ lórí àwọn kan, mi ò bá yín gbẹ́kẹ̀ lé e. Ẹ wọ BIOS, ẹ tan Wake-on-LAN níbẹ̀. Ẹ̀yin tó wà ní Yúróòpù, ẹ wò ó bóyá nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní ErP wà ní títàn: nítorí òfin tó ní kí ẹ̀rọ tí a ti pa má jẹ ju ìdajì wáàtì lọ ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀, àmọ́ ó máa ń gé iná tó ń la etí káàdì pátápátá. Lórí Windows, ẹ pa Fast Startup, ó máa ń da ọ̀pọ̀ láàmú. Lórí Linux, ethtool ló máa sọ fún yín: tí ẹ bá rí lẹ́tà g níwájú Wake-on, ó ti ń gbọ́.

Fún kọ̀ǹpútà tó wà nílé lọ́dọ̀ àwọn òbí yín, ti iná ọba ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Tí wọ́n bá mú iná lọ, apirọrọ ti di òkú nìyẹn. Nígbà tí iná bá padà dé, ọ̀pọ̀ káàdì kì í rántí pé a ní kí àwọn máa tẹ́tí, àfi tí kọ̀ǹpútà bá ti tàn lẹ́ẹ̀kan. Ẹ lọ sínú BIOS, ẹ wá ibi tó ti ń béèrè ohun tó yẹ kó ṣe tí iná bá padà dé, kí ẹ ní kó máa tan ara rẹ̀. Ẹ lè wá pa á láti ọ̀nà jíjìn, á sì padà sí ìdúró rẹ̀. Tí ẹ bá ní ínfátà nílé, ẹ so ráútà mọ́ ọn ṣáájú tẹlifíṣọ̀n, kí Dádì tó bínú.

Tí ẹ bá tún bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fídíò, ẹ ní kí wọ́n pa kọ̀ǹpútà náà, kí wọ́n má yọ wáyà kankan, kí wọ́n gbé fóònù lọ sẹ́yìn ẹ̀ níbi tí wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti wọlé. Tí iná kékeré kan bá ṣì ń ṣẹ́jú níbẹ̀, ó ti ń gbọ́ yín.